Bí Èémí Bá Ń Há, Tí Eegun Di Ẹlẹgẹ́: Ìjókòó Kọ́ ni Oògùn Rẹ̀

 Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ owó la sábà máa ń sọ: owó ìfipamọ́, owó yíyá, èlé, àti ọjọ́ tó yẹ kí oníkálukú san padà. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ owó rárá. Àwọn àgbà ló ní ìlera lọrọ̀. Ẹni tí kò lè mí dáadáa, báwo ni yóò ṣe ṣí ìsọ̀? Ẹni tí eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ta ni yóò bá a san owó tó yá?

Ohun tó mú wa fẹnu ba ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó wọ́pọ̀ láàrin wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé láti Ògbà dé Ìjàyè, láti Ìfakò dé Orílé Agége, ẹ ó bá bàbá kan tàbí ìyá kan tó ti ń wúkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé kan kó má dúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ á ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, bàbá, ẹ má ṣe wàhálà kankan mọ́." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìlèdìde nígbà tí agbára ṣì wà lára wọn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tó yẹ kí a ṣe dípò rẹ̀, la fẹ́ ṣàlàyé.

NÍBO NI ÀÌSÀN YÌÍ TI Ń WÁ?

Gbogbo wa la mọ bí agbègbè wa ṣe rí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́ ló dá ibùdó ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀, ṣáájú kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá láti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Èkìtì àti ibi gbogbo wá ṣiṣẹ́ ní Ọba Àkran, Orégùn, Àgídìńgbì àti Ògbà. Àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn kan ń po ọ̀dà, àwọn kan ń yọ́ irin àti ike, àwọn kan ń ṣe táyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fákítọ́rì náà ti kógbá wọlé, ilẹ̀ tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé ìtajà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n eruku tí àwọn òṣìṣẹ́ fà símú kò bá fákítọ́rì lọ. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn títí dòní.

Eruku òwú máa ń mú kí àyà há mọ́ òṣìṣẹ́, pàápàá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi. Eruku ìyẹ̀fun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ èémí, ẹ̀yin tí ẹ ń po búrẹ́dì Agége sì mọ ohun tí à ń wí. Ní 2004, àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí wọn jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ní Ìbàdàn, wọ́n sì rí i pé ikọ́ àti èémí kúkúrú pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ wo ìyá tó ti ń yan ẹja fún ogún ọdún, tàbí èyí tó ń dín àkàrà lórí iná igi ní ìdájí. Ẹ wo àwọn tó ń jó awọ màlúù láti fi ṣe pọ̀nmọ́. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ tí à ń tan sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, àti èéfín mọ́tò ní títì Agége Motor Road. Ẹ fi sìgá kún un, òun ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó ti ní ikọ́ ife, tí gbogbo ayé ń pè ní TB, tó sì ti gba ìwòsàn, àpá rẹ̀ lè ṣẹ́ kù sínú ẹ̀dọ̀fóró kó sì máa dí èémí lọ́wọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ènìyàn ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní COPD pa káàkiri ayé. Kì í sì í ṣe àrùn àwọn òyìnbó amusìgá nìkan. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ kópa nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní BOLD, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn tó ti pé ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn èémí. Wọ́n bá àìsàn náà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú fákítọ́rì bíi tiwa.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÀYÀ?

Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó dúró ní Pen Cinema. Bí àwọn èrò inú rẹ̀ kò bá tíì sọ̀kalẹ̀, níbo ni àwọn tó wà nílẹ̀ fẹ́ wọ̀ sí? Kí kọ̀ńdọ́ pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnì kan kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró tó ní àrùn yìí. Ọ̀nà èémí ti há, kànìnkànìn tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró sì ti dẹ̀, kò lè sún kì mọ́. Atẹ́gùn àná ló kún inú, kò rí ọ̀nà jáde. Aláìsàn á máa rò pé atẹ́gùn kò wọlé, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó wà nínú ni kò tíì jáde. Bó bá ń sáré mí, ńṣe ló ń ti èrò lé èrò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ibi tí àrùn yìí bá ti bà jẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í padà sí bó ṣe wà. A kò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó bá ń ta àgbo lórí bọ́ọ̀sì, tó ní yóò fọ ẹ̀dọ̀fóró yín mọ́ tónítóní láàrin ọjọ́ méje, owó yín ló ń wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan la fi ń rìn. Ẹsẹ̀ wà, itan wà, ọkàn wà, àwọn wọ̀nyí sì ṣe é tún ṣe.

BÁWO NI EEGUN ṢE WỌ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ?

Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé ìfipamọ́ ẹgbẹ́ wa ṣàpèjúwe. Láti kékeré títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ara ń dá owó sínú àpò eegun. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ là ń yọ ọ́ ná. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró, tirẹ̀ máa ń yára jáde sí i. Ẹni tó bá wá ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró dà bí ẹni tí èèyàn mẹ́rin ń bá yọ owó nínú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni àìrìn. Eegun tí a kò bá fi ṣiṣẹ́, ara kì í bọ́ ọ. Àwọn tó ń lọ gbé ní òfúrufú, níbi tí ara kò ti wúwo, máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan sí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún eegun ìbàdí àti ẹsẹ̀ wọn lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ àti alágbára ni wọ́n. Ẹnì kejì ni sìgá. Ẹnì kẹta ni àìjẹun tó: èémí kò jẹ́ kí aláìsàn jẹun gbádùn, ó ń rù, eegun náà ń rù. Ẹnì kẹrin ni oògùn tí wọ́n ń pè ní prednisolone.

Ẹ gbọ́ wa yé lórí èyí. Oògùn rere ni prednisolone bí dókítà bá fún ni fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí èémí bá dà rú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń rà á ní kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà, nítorí pé ó ń jẹ́ kí àyà ṣí, oúnjẹ á máa wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì kún, wọ́n á ní ara ti ń dá. Ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, eegun rẹ̀ ń jò lábẹ́lẹ̀, iṣan itan rẹ̀ náà ń rọ. Síbẹ̀, ẹni tó ti lò ó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dédé já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí ara ti gbára lé e, ó lè dá ènìyàn wólẹ̀. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Eegun ẹlẹgẹ́ kì í pariwo. Ìgbà tí ènìyàn bá tàsé àtẹ̀gùn, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, tàbí tó wúkọ́ gidigidi, ni yóò tó mọ̀. Nígbà míì, eegun ẹ̀yìn á rún wọnú ara rẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹni gíga á di kúkúrú. Bí ẹ̀yìn bá sì tẹ̀, àyà á fún, ẹ̀dọ̀fóró kò ní ráyè fẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé àìsàn méjèèjì ń ti ara wọn lẹ́yìn?

ÌJÓKÒÓ DÀ BÍ OWÓ ÈLÉ GỌ̀BỌÍ

Ẹni tó bá yá owó lọ́dọ̀ àwọn olówó èlé mọ̀ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó rí. Lọ́jọ́ tí èémí há, ìjókòó tuni lára. Lọ́jọ́ kejì, a tún jókòó. Láàrin oṣù díẹ̀, iṣan itan ti rọ. Iṣan tó bá sì rọ, atẹ́gùn púpọ̀ ló ń jẹ kó tó ṣe iṣẹ́ kékeré. Nítorí náà, ìrìn láti yàrá dé ilé ìwẹ̀, tí kì í há ni láyà tẹ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í há ni. Ẹ̀rù á bà wá, a ó tún jókòó sí i. Eegun á máa rọ, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ọjọ́ tí a bá fẹ́ dìde la ó ṣubú. Eegun ìbàdí á ṣẹ́, a ó wá dùbúlẹ̀ pátápátá, òtútù àyà á sì rí wa mú. Èlé ti ju owó lọ nìyẹn.

Ohun tí eré ìdárayá ń ṣe ni pé ó ń gé okùn náà. Kò tún ẹ̀dọ̀fóró ṣe, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹsẹ̀ lè fi ìwọ̀nba atẹ́gùn tó wà ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni, epo kan náà ni, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ pẹ́.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI, ÀBÍ ỌRỌ̀ ẸNU LÁSÁN?

Òótọ́ ni. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà gan-an ló ń sọ fún àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró pé kí wọ́n máa sinmi. Ní Denver ní Amẹ́ríkà, Dókítà Thomas Petty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ́ àwọn aláìsàn bí a ṣe ń mí, wọ́n sì mú wọn rìn. Ní 1969 ni wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Nígbà tó di 2015, àwọn olùwádìí kó ìdánwò 65 jọ, nínú èyí tí àwọn aláìsàn COPD 3,822 wà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ṣe eré ìdárayá lábẹ́ àbójútó rìn jìnnà sí i, èémí wọn rọrùn sí i, ayé sì gbà wọ́n sí i ju àwọn tí kò ṣe é lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ wo Uganda níhìn-ín ní Áfíríkà. Ní 2017, àwọn dókítà ní Kampala tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tí TB ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi ṣe eré ìdárayá, ara wọn sì yá sí i, wọ́n lè rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti eegun, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe wà. Eré ìdárayá kò lè sọ eegun ẹni 70 ọdún di ti ẹni 20 ọdún. Ohun tó ń fi kún eegun àgbàlagbà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dá jíjò rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró gbọin kí ènìyàn má ṣubú. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé eré ìdárayá ń dín ìṣubú àwọn àgbàlagbà kù ní nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Eegun tí kò bá ṣubú, ó ṣòro kó ṣẹ́.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ọsibítù eegun Ìgbóbì tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ fisiotẹ́rápì ní 1966. Ní Ìkẹjà níbí, ọsibítù kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti di ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, láti 2001, ẹ̀ka fisiotẹ́rápì sì wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ rí dókítà. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò TB. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ọsibítù ìjọba. Dókítà á ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, á yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lè ní kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, á wọn ibi tí ẹ rìn dé, kó lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ti lo prednisolone, bí eegun yín bá ti ṣẹ́ rí, tàbí bí ẹ bá ti ń kúrú. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn fífà sẹ́nu, ẹ bèèrè bóyá kí ẹ fà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń kọ́ni nìwọ̀nyí:

1. Mímí. Ẹ rántí bọ́ọ̀sì Pen Cinema: kí èrò inú kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi imú fa atẹ́gùn wọlé, kí ẹ ka ení, èjì. Ẹ wá su ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ rọra fẹ́ ẹ jáde, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ má fi agbára tì í. Ìgbà tí iṣẹ́ bá le, bíi dídìde tàbí gígun àtẹ̀gùn, ìgbà náà ni kí ẹ fẹ́ ẹ jáde. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú láé.

2. Rírìn. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, nínú bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Bí ìṣẹ́jú méjì ni agbára yín ká, ẹ rin méjì, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún rin méjì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ máa fi díẹ̀ kún un títí yóò fi di ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òṣùwọ̀n rẹ̀ rèé: èémí gbọ́dọ̀ yára díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ kò tíì ṣe tó. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ti ṣe jù.

3. Dídìde lórí àga. Ẹ gbé àga tó dúró ṣinṣin ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ tún jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò lágbára lè fọwọ́ ti àga náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún, ẹ dé mẹ́wàá. Èyí ló ń dá agbára itan padà, itan ló sì ń gbé ìyá dé ọjà.

4. Gígbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ di tábìlì mú, ẹ dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

5. Títi ògiri. Ẹ dúró níwájú ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ tẹ ìgúnpá kí ara súnmọ́ ògiri, kí ẹ wá ti ara yín padà. Kí ẹ̀yìn nà gbọnrangandan.

6. Ọwọ́. Ẹ rọ omi sínú ike kékeré méjì, ẹ máa gbé e láti itan dé èjìká. Ẹni tó ń ko ọjà sórí pẹpẹ, tàbí tó ń na aṣọ han oníbàárà, ọwọ́ ló fi ń jẹun. Kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ọwọ́.

7. Dídúró. Ẹ di tábìlì mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì bí ẹni ń rìn lórí okùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀. Kí ẹnì kan dúró tì yín.

Rírìn lè jẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí à ń fi agbára ṣe, kí ẹ máa fi ọjọ́ kan sinmi láàrin. Ẹ má sì rò pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá ti pé, ó ti parí. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró, àǹfààní rẹ̀ máa ń ṣá láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bí ìdáwó ni o: oṣù tí a kò dá, kò sí nínú ìwé.

OHUN TÍ ẸLẸGẸ́ EEGUN KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Kó má tẹ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan nílẹ̀. Kó tẹ orúnkún, kó jẹ́ kí ẹ̀yìn nà, kó gbé e súnmọ́ ara. Kó má lọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Kó má dùbúlẹ̀ kó máa fi ikùn dìde bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe ní jíìmù. Kó má fò. Kó má ru ẹrù sórí mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, owó alábàárù kéré sí owó ọsibítù eegun. Ẹ gbé ọjà tó wúwo sí ìwọ̀n ìbàdí lórí pẹpẹ, ẹ jẹ́ kí àpótí ìjókòó yín ga díẹ̀, nítorí àpótí kúkúrú ló ń fi ẹ̀yìn àti èémí jìyà.

Kí ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ọkàn bá ń lù kìkì, bí ètè bá ń dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí bí ẹ̀yìn bá dédé ta yín. Bí ẹ bá wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ jáde, tàbí tí èémí kò rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Ní ọjọ́ tí ibà tàbí ikọ́ tuntun bá mú yín, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ náà.

Ẹ má gbàgbé oúnjẹ. Ẹja sáwá tí a jẹ pẹ̀lú eegun rẹ̀, edé, wàrà, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló ń bọ́ iṣan àti eegun. Bí oúnjẹ bá ń há yín láyà, ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn máa kan ara yín. Kí amusìgá sọ sìgá nù. Kí ìdáná kúrò nínú yàrá, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé.

KÍ NI Ẹ̀TỌ́ ÒṢÌṢẸ́, KÍ SÌ NI TI ẸGBẸ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Employee's Compensation Act ti 2010. Agbanisíṣẹ́ ń san owó sínú àpò kan lọ́dọ̀ NSITF fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn bá. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku iṣẹ́ fà lè wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé dókítà yín, ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, ẹ fi tó àwọn ọ̀gá àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ẹ rántí pé Agége kì í ṣe ọmọdé nínú àjọṣe. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè yìí dá Agege Planters' Union sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jáde ní Nàìjíríà ní 1935. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan kò lè dá gbé, igba ọwọ́ á gbé e. Eré ìdárayá náà, ó ṣòro láti dá ṣe. Ẹni tó dá nìkan wà, ọ̀lẹ á mú un, ẹ̀rù á bà á. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá ń lu ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ pé "Bàbá, ó yá o," yóò jáde.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí yóò máa bá àwọn tí èémí ń há rìn, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ibi ìpàdé má ṣe jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ níbi tí yàrá ìsàlẹ̀ bá wà. Kí àga tó ní ibi ìfẹ̀yìntì wà fún àwọn àgbà. Kí ìgbìmọ̀ owó yíyá sì gbé e yẹ̀ wò bóyá a lè yára fọwọ́ sí ìwé ẹni tó bá fẹ́ lo owó fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró tàbí fún fisiotẹ́rápì. Owó tí a bá fi mú ọmọ ẹgbẹ́ padà sí ìsọ̀ rẹ̀, owó tó ń padà wálé ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí bàbá tàbí ìyá yín wà nílé, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ẹ mú bàtà wọn wá. Ẹ di ọwọ́ wọn mú dé ìkòríta, ẹ sinmi, ẹ mú wọn padà. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ tún ṣe é lọ́tùn-únla, kí ẹ sì fi ilé kan kún un.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí Olódùmarè jẹ́ kí èémí wa gùn, kí eegun wa le, kí ọjà wa sì tà. Àṣẹ.